Ohùn Kan Tó Kù Nínú Bọ́ọ̀sì Hilroy

Ẹjọ́ kan wọ ọ́fíìsì Olóyè lánàá, odidi èrò bọ́ọ̀sì ló sì bá a wọlé. Àwọn tí kò rí àga dúró lójú fèrèsé, àwọn tí kò rí fèrèsé lẹ etí mọ́ ògiri pákó níta. Olóyè Prosper gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bàbá Téofil jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àgbà ìgbìmọ̀ tí etí rẹ̀ kan ti di, tí èkejì sì máa ń di bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn jù.

Verlina ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Crispin ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó to ọ̀pá làrúmà sórí itan, ó ń yan èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ sọ́tọ̀ fún apẹ̀rẹ̀ tó ń hun. Àwọn dókítà ní ìlú Roseau pe bí Crispin ṣe rí ní ọ́tísímù. Verlina kì í pè é ní nǹkan kan. Ohun tó mọ̀ ni pé bí ọmọ òun bá gba nǹkan gbọ́, ó gbà á gbọ́ dé ìdí ni.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Verlina fi ń bá a wọ bọ́ọ̀sì Hilroy lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tó tún ń lọ mú un bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló gbóyà, tó dúró létí títì, tó jẹ́ kó dá lọ. Kì í ṣe torí orúnkún tó ń dùn ún nìkan. Ó ti ṣírò ọjọ́ orí ara rẹ̀, ó ti ṣírò ti ọmọ, ó rí i pé ìyókù wọn kò lè dọ́gba. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí Crispin yóò dá wọ bọ́ọ̀sì, bó ti mọ̀ ọ́n wọ̀ tàbí kò mọ̀ ọ́n wọ̀. Àfi bí ìwé ẹ̀sùn ṣe wá ń bẹ Olóyè pé kí Crispin má ṣe dá wọ̀ ọ́ mọ́ láéláé.

"Tíṣà Clotilde, ẹ̀yin lẹ mú ẹjọ́ wá," ni Olóyè wí. "Ẹ rò ó."

Tíṣà Clotilde dìde. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí níwèé, Olóyè náà pẹ̀lú wọn.

"Prosper, na ẹ̀yìn rẹ."

Olóyè na ẹ̀yìn.

"Ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo jókòó jẹ́jẹ́ mi nínú bọ́ọ̀sì. Crispin wọlé, ó ní 'Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo èrò.' Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jókòó! Ó dúró gbọnin lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó jágbe mọ́ mi pé 'Ó ku ẹnì kan.' Ilẹ̀kùn ò ṣe é tì, ọkọ̀ ò ṣe é wà, fún wákàtí kan gbáko!"

"Wákàtí kan kẹ̀?" Hilroy dírẹ́bà ké láti ẹ̀yìn. "Ogún ìṣẹ́jú ni, Tíṣà."

"Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án àti ààbọ̀," ni Crispin wí. Kò gbójú kúrò lára ọ̀pá rẹ̀.

"Ta ló bi í?" ni Tíṣà wí.

"Kò sẹ́ni tó bi mí. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ṣì í."

Bàbá Téofil na ọrùn. "Kí ni wọ́n ní ó jí?"

"Kò jí nǹkan kan, Bàbá," ni Olóyè wí.

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó kí èèyàn."

"Háà! Ìlú yìí ti bàjẹ́."

Olóyè yíjú sí Verlina. "Ìyá Crispin, kí lẹ rí sọ?"

Verlina dìde, ó tún gèlè rẹ̀ so. "Olóyè, mo jẹ̀bi."

Olóyè fa ìwé ẹ̀sùn mọ́ra.

"Ẹ jẹ̀bi kí ni?"

"Mo jẹ̀bi ẹ̀kọ́ àkọ́jù. Gbogbo yín lẹ kọ́ ọmọ yín níwà, wọ́n mú díẹ̀, wọ́n da ìyókù sójú ọ̀nà kí wọ́n tó délé. Tèmi kó gbogbo rẹ̀ délé. Ẹ dá mi lẹ́bi kí n máa lọ, mo fi iná sílẹ̀ lábẹ́ ìkòkò."

Ẹ̀rín bú sójú fèrèsé. Olóyè gbá tábìlì.

"Ìyẹn kì í ṣe àwíjàre."

"Àwíjàre ni. Ẹ bi Crispin ẹni tó kọ́ ọ ní ìkíni."

"Tíṣà Clotilde ni," ni Crispin wí. "Kíláàsì kejì. Ó kọ ọ́ sí pátákó. Òfin kìíní: bí o bá wọ ibi tí èèyàn wà, kí wọn. Òfin kejì: bí wọ́n bá kí ọ, dáhùn. Òfin kẹta: má fi oúnjẹ sẹ́nu sọ̀rọ̀."

"Ẹ gbọ́!" Tíṣà fò sókè. "Òfin kẹta! Búrẹ́dì díndín àti ẹja oníyọ̀ ló wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Ṣé kí n fi ẹja kí i ni? Ìwà ni mo hù tí mo fi dákẹ́!"

"Òfin kẹrin," ni Crispin ń bá a lọ, "òfin kejì ló ga ju òfin kẹta lọ."

"Irọ́! Mi ò kọ òfin kẹrin rí."

"Ẹ ò kọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, òjò ń rọ̀, àbúrò Olóyè ń jẹ máńgòrò, ẹ kí i, kò dáhùn, ẹ fi rúlà nà án."

Olóyè wo Tíṣà. "Wọ́n nà án lóòótọ́. Ó sunkún délé."

Tíṣà rọra jókòó.

Verlina rí i pé ojú Olóyè ti rọ̀, ó sì sún mọ́ tábìlì. Ohun tó mọ̀ jù láyé yìí ni bí Crispin ṣe ń ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó tíì bi í rí.

"Olóyè, bó ṣe rí nìyí. Bó bá wọlé, á ka orí. Á kí. Á wá ka ohùn. Bí orí àti ohùn bá dọ́gba, á jókòó, ó parí. Kì í pẹ́ ju kéèyàn sín lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ọjọ́ náà, èrò méjìlá, Hilroy ìkẹtàlá. Ohùn méjìlá ló gbọ́, àfi ìgbà tí Tíṣà fi ìbínú bọ́ sílẹ̀ ni iye tó dọ́gba. Bí ẹ bá ń hun apẹ̀rẹ̀ tí ọ̀pá kan kù, ṣé ẹ máa gbé e lé orí?"

"Mi ò ní gbé e. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń sùn ńkọ́?"

"Mo ti wá ọ̀nà sí ìyẹn láti ọdún kìíní. Ẹni tó jókòó ti ẹni tó ń sùn, tàbí ẹni tí kò lè fọhùn, lè dáhùn fún un, bó bá ti dárúkọ rẹ̀. 'Káàárọ̀, fún Hilroy tó ń fọn fèrè.' Ohùn yẹn pé. Mo ti dáhùn fún ọmọ ọwọ́ rí. Mo ti dáhùn fún ọkùnrin tí eyín ń dùn. Mo dáhùn fún àgbébọ̀ adìyẹ kan lọ́dún kejì, torí pé ó jókòó sórí àga."

"Orí àga ni," ni Crispin jẹ́rìí.

"Hilroy! Ṣé o mọ ọ̀nà yìí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Olóyè."

"Mo sọ fún ọ lójú fèrèsé ọkọ̀ rẹ," ni Verlina wí, "ọjọ́ tí mo fi í lé ọ lọ́wọ́."

"Rédíò ń ké, Màmá."

"Kí lo wá ń mi orí sí?"

"Orin ni mò ń mi orí sí."

Olóyè na ìka sí i. "A ó padà sọ́dọ̀ rẹ. Ta ló jókòó ti Tíṣà lọ́jọ́ náà?"

Ma Ozana dìde níhà kejì ilé, níbi tó jìnnà sí Tíṣà jù lọ.

"Èmi ni. Àyè mìíràn ni ò sí."

"Ṣé Crispin jágbe?"

"Kò jágbe. Wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ló ń sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Ọmọ yẹn ò mọ igbe í ké."

"Prosper," ni Tíṣà wí, "bá mi sọ fún ẹni tó dúró síbẹ̀ yẹn pé òpùrọ́ ni."

"Olóyè, ẹ bá mi sọ fún ẹni tó jókòó síbẹ̀ yẹn pé kí búrẹ́dì tún dí i lẹ́nu."

"Ẹ̀yin méjèèjì gbọ́ ara yín!"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni àwọn méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ma Ozana, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ lè dáhùn fún un?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Verlina dáhùn fún mi rí nígbà tí ọ̀fun ń dùn mí."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò dáhùn?"

"Kí n dárúkọ ta ni? Orúkọ yẹn ò tíì gba ẹnu mi kọjá láti ọjọ́ ìjì."

Gbogbo ojú fèrèsé mí kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ìjì líle kó gbogbo òrùlé ìlú lọ, páànù tuntun kan fò kúrò lórí ilé Ma Ozana, ó balẹ̀ sínú ọgbà Tíṣà. Ma Ozana ní kó dá a padà. Tíṣà ní ìjì ló fi ta òun lọ́rẹ, ó sì kàn án mọ́ orí ilé ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti yan ara wọn lódì.

Olóyè fọwọ́ lẹ́rán. "Crispin, búrẹ́dì yẹn, ó pẹ́ tó lẹ́nu Tíṣà?"

"Wọ́n gbé e mì kí ìṣẹ́jú kìíní tó pé. Wọ́n mu omi. Ní ìṣẹ́jú kẹta wọ́n sọ fún Hilroy pé, 'Wa ọkọ̀ ẹ jàre, ìwọ ọ̀lẹ yìí.'"

"Òótọ́ ni," ni Hilroy wí. "Ọ̀rọ̀ náà dùn mí."

"Tíṣà, ẹnu yín ti ṣófo láti ìṣẹ́jú kìíní. Kí ló dé tẹ́ ò kí i?"

Tíṣà wo òkè àjà, ó wo ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ nígbà tó máa dáhùn.

"Òun ló kọ́kọ́ dáhùn."

"Ta ni?"

"Ẹni tó dúró síbẹ̀ yẹn. Bí mo bá jókòó tì í tí mo dáhùn lẹ́yìn tirẹ̀, wọ́n á ní èmi ni mo kọ́kọ́ túúbá, wọ́n á ní mo bá a sọ̀rọ̀."

Ẹ̀rín tó bú yìí, Bàbá Téofil pàápàá gbọ́ ọ. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti rí olè náà?"

"A ti rí i, Bàbá. Méjì ni wọ́n."

Olóyè dìde. Verlina di etí tábìlì mú. Ó ti ń gbàdúrà nínú ara rẹ̀ pé bí wọ́n bá máa lé Crispin kúrò nínú ọkọ̀, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kó máa bá òun wọ̀ ọ́. Òun á fara da orúnkún.

"Ìdájọ́ mi rèé," ni Olóyè wí. "Èkíní: kò sí ohun tí Crispin ṣe. Ó kí yín, ó ń retí pé kẹ́ ẹ jẹ́ èèyàn. Àyè rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kò yẹ̀.

"Èkejì: Tíṣà àti Ma Ozana yóò máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, lẹ́yìn dírẹ́bà, láràárọ̀. Wọ́n yóò máa dárúkọ ara wọn kí ara wọn. Crispin ni yóò máa ka ohùn. Bí kò bá pé, ọkọ̀ kò ní kúrò, bó di ọ̀sán."

"Olóyè!" ni Ma Ozana ké.

"Prosper!" ni Tíṣà ké.

"Ẹ̀kẹta: páànù náà. A ó tú u lónìí, a ó sì kàn án mọ́ igi mẹ́rin níbi tí èèyàn ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, torí ọdún mẹ́fà la ti ń dúró nínú òjò níbẹ̀, tí ẹlẹ́dẹ̀ kan wà lábẹ́ òrùlé."

"Ẹlẹ́dẹ̀ mi ńkọ́?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ ò sí nínú ẹjọ́ yìí. Hilroy, ìwọ lo máa gbẹ́ ihò igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Rédíò ò gbọdọ̀ ké títí o fi máa parí. Crispin, ṣé o gba iṣẹ́ kíkà náà?"

Crispin rò ó. "Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú ńkọ́?"

"Ẹni tó kú ti gba ìdásílẹ̀."

"Ta ló máa sọ fún mi?"

"Èmi ni," ni Tíṣà wí.

"Ìwọ báwo?" Ma Ozana yíjú sí i gan-an. "Ta ló ní èmi ni màá kọ́kọ́ kú?"

"Wo ẹsẹ̀ rẹ bó ṣe wú, Ozana!"

"Clotilde, ikọ́ tìrẹ ńkọ́, tó ń jí gbogbo àdúgbò?"

"Ohùn méjì," ni Crispin wí, ó sì mú ọ̀pá làrúmà mìíràn. "Wọ́n dárúkọ ara wọn. Mo gbà á."

Verlina ti ń mí ìmí ìtura, ó ti ń wá ọ̀nà àbájáde lọ síbi ìkòkò rẹ̀, ni Olóyè bá gbá tábìlì.

"Ó ku Ìyá Crispin. Ṣebí ẹ ní ẹ jẹ̀bi? Mo gbà fún yín. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ fi dáhùn fún olóorun, fún eléyín dídùn, fún adìyẹ. Ẹ ò jẹ́ kí ìlú yìí kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ọmọ yín lóhùn. Nítorí náà, láti ọ̀la lọ, ẹsẹ̀ yín ò gbọdọ̀ kan bọ́ọ̀sì Hilroy láàárọ̀, àti nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá rí wọn níbẹ̀, kó wá fẹjọ́ sùn."

"Olóyè, ìyà yìí ti pọ̀ jù! Títí di ìgbà wo?"

"Títí láé."

Verlina wo ọmọ rẹ̀. Crispin ti kó ọ̀pá rẹ̀ jọ, ó sì ti ń di wọ́n.

"Màmá, wọ́n ti dá a," ni ó wí. "Aago méje ni ọkọ̀ máa ń dé. Mo mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n." Ó yíjú sí Olóyè. "Olóyè, kí ni mo máa wá máa ṣe láti aago méje títí dalẹ́?"

Olóyè na ọwọ́ sí àga tó wà lẹ́yìn Verlina.

"Ẹ jókòó."

Verlina wo àga náà bí ẹni tí wọ́n gbé irinṣẹ́ tuntun kalẹ̀ fún. Ó fọwọ́ tì í wò bóyá ó dúró dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó jókòó.