Imú Peregrine àti Bájì Jabez

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, ẹ wá gbọ́ èyí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tí kò sọ ọ́ fún yín, ìyà ló fi jẹ yín.

Ní Skelby tiwa, létí òkun, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Peregrine Ackroyd. Àwa kan wà níbẹ̀ tí a ń kó bájì àwọn ọmọ ogun Jámánì ayé Ogun Àgbáyé Kejì jọ. Kì í ṣe pé a fẹ́ràn ohun tí àwọn tó wọ̀ ọ́ ṣe. Ìtàn la fẹ́ràn, àti adùn tó wà nínú kí èèyàn yí irin kékeré kan padà, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kó rí i pé òótọ́ ni. Ní ti Peregrine, ara rẹ̀ ló fẹ́ràn.

Imú ló fi ń ṣiṣẹ́. Àwa yòókù á gbé awò tí ń sọ nǹkan di ńlá jáde, a ó tan iná aláwọ̀ àlùkò sí i, a ó wo bí wọ́n ṣe jó abẹ́rẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn. Peregrine á kàn dijú, á gbé bájì síbi imú, á fà á bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀ aládùúgbò. Lẹ́yìn náà á ní, "Kiel. Ọdún kejì ogun. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ń mu sìgá."

Ta ló máa já a nírọ́? Ẹni tó ń mu sìgá ti kú.

Ni a bá ń kì í. Imú Àgbà. Imú tí ń ṣíwájú onímú wọlé. Imú tó gbóòórùn ogun kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Àwa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ ni o. Òun gbà á bí oyè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpara pa imú náà láràárọ̀, bí òtútù bá sì mú, imú ló kọ́kọ́ ń fi aṣọ bò kó tó rántí etí.

Òun náà ló ṣòfin irin fún ẹgbẹ́ wa. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì la ti máa ń pàtẹ, ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù. Nígbà kan, ayédèrú pọ̀ lórí àtẹ débi pé ẹni tó bá ra ọ̀kan lónìí láìmọ̀, á mọ̀ọ́mọ̀ tà á fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ni Peregrine bá dìde, ó na ìka sókè, ó ní kí wọ́n gbé irin ńlá tí alágbẹ̀dẹ ń gbé nǹkan lé lù sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní ohunkóhun tí a bá pè ní ayédèrú nínú gbọ̀ngàn yẹn, a gbọ́dọ̀ gbé e lé irin, ká fi òòlù fọ́ ọ lójú gbogbo ayé. A pàtẹ́wọ́. Wilf Haxby, alága wa, tó ti ṣe alágbẹ̀dẹ rí, gbé irin tirẹ̀ wá láti ilé, òun àti òòlù.

A ò mọ̀ pé oko oúnjẹ la bá Peregrine ro.

Ibi tí wọ́n ti ń ta tíì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan á gbé bájì tí bàbá bàbá rẹ̀ mú bọ̀ láti ojú ogun dé. Peregrine á gbà á, á fà á símú, á mi orí bíi dókítà tó fẹ́ sọ ohun burúkú. Á wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ pẹ̀lẹ́, ayédèrú ni. Bí àwọn tó wà nínú lọ́hùn-ún bá rí i, wọ́n á fọ́ ọ lójú yín, gbogbo èèyàn á sì máa wò yín. Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú un kúrò nílẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ni mo fi ń kọ́."

Ojú á ti onítọ̀hún. Á dúpẹ́, á sá lọ. Bájì á wọ àpò ẹ̀wù Peregrine, á dúró síbẹ̀ títí yóò fi rí ẹni tó máa rà á bí ojúlówó ní ìlú tó jìnnà. Àpò yẹn jìn ju òkun tó wà níwájú wa lọ.

Wàyí o, ní Sátidé tí mò ń wí yìí, Ìyá Thirza Cammish wọlé. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ẹja lílà ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ní èbúté, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ohùn ẹni tó máa ń dúró lórí òkè pe ọkọ̀ tó wà lójú omi, tí ọkọ̀ á sì dáhùn.

Gbogbo Skelby ló mọ ìtàn Jabez, bàbá rẹ̀. Jabez sọ pé nígbà ogun, òun nìkan wa ọkọ̀ ìpẹja jáde nínú ìjì, òun sì fa ọmọ Jámánì kan jáde nínú omi, ọ̀kan nínú àwọn tí ọkọ̀ abẹ́ omi wọn rì. Kí àwọn sójà tó wá mú ọmọ náà lọ, ó já bájì àyà rẹ̀, ó fi lé Jabez lọ́wọ́. Ìlú ò gbà. Wọ́n ní ọwọ́ alárìnkiri ló ti rà á. "Jabez Oníbájì" ni wọ́n ń pè é títí wọ́n fi gbé e dé sàréè.

Ní báyìí, àwọn ará ilé ọkọ̀ ìgbàlà, àwọn tó ń yọ èèyàn nínú òkun, fẹ́ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti gba ẹ̀mí là lójú òkun sára ògiri wọn. Wọ́n ní bí bájì náà bá jẹ́ ojúlówó, Jabez á wà níbẹ̀. Ohun tó gbé ìyá wá nìyẹn.

Mo wà níbi tíì, búrẹ́dì ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀ kún ẹnu mi, nígbà tó tú u nínú áńkáṣíìfù. Mo rí i fìrí: àwòrán ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré láàárín ewé, ẹyẹ idì lórí. N kò rántí jẹ búrẹ́dì mọ́.

Peregrine gbé e símú. Ó yọ́ ojú wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó mi orí.

"Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ayédèrú ni."

"Kí lo wí?"

"Ẹ rọra, kí wọ́n má baà gbọ́. Mo ní ayédèrú ni."

"Ayédèrú kẹ̀?"

Ìyá rò pé òun rọra sọ ọ́ ni. Kọ́ọ̀pù gbọ̀n lórí tábìlì. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú.

Wilf dìde. "Peregrine, ṣé ayédèrú ni?"

Ibí yìí ló yẹ kó ti sá. Ṣùgbọ́n ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, imú tó ti joyè kì í sì í fẹ́ tẹríba.

"Láìsí àní-àní," ó ní. "Oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣe é, òórùn ọ̀dà ṣì wà lára ẹ̀. Kò tó nǹkan tí à ń pariwo lé lórí. Màá bá ìyá mú un dání, àwọn ọmọ iléèwé..."

Ìyá Thirza jókòó. Kò sunkún. "Ó máa ń sọ ọ́ fún mi tí mo bá fẹ́ sùn," ó ní, ohùn rẹ̀ sì kéré nísinsìnyí. "Ó ní ọwọ́ ọmọ náà tutù bí ẹja. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀ nígbà yẹn?"

Peregrine ń ro tíì tí kò fi ṣúgà sí.

Nígbà tó yá, ìyá gbé orí sókè. "Kí ni irin yẹn wà fún?"

Wilf ṣàlàyé, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ó dáa," ni ìyá wí. "Ẹ gbé òòlù wá. Mi ò gbé irọ́ padà sílé mọ́. A ti jọ gbé pẹ́."

"Mọ́mì, kò pọn dandan," Peregrine sọ.

"Ta ló ṣòfin ọ̀hún?" ìyá bèèrè.

"Òun ni," gbogbo wa dáhùn pọ̀.

Ni Imú Àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà. Ó ní irin yẹn lè bàjẹ́. Wilf ní irin ni. Ó ní èéfín ọ̀dà rẹ̀ lè ṣe èèyàn ní jàǹbá. Wilf ní a ò fẹ́ sè é, a fẹ́ lù ú ni. Ó ní apá ìyá ńkọ́. Ìyá ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, apá kan yọ tó jẹ́ pé ẹja ńlá ló ń sá fún un.

"Kí ló ń mú ọ làágùn báyìí?" obìnrin tó ń ta tíì bi í. "Ṣebí ayédèrú ni."

Wilf gba bájì lọ́wọ́ Peregrine. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, kò bọ́. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé e lé irin.

Ìyá Thirza gbé òòlù sókè. "Bàbá mi," ó ní, "ẹ má bínú."

N kò rí bí Peregrine ṣe kọjá láàárín wa. Mo kàn rí i lórí irin ni, ó dojú bolẹ̀, ikùn rẹ̀ bo bájì, fìlà rẹ̀ wà nínú ìkòkò tíì.

"Ẹ má fọ́ ọ," ó ń ké. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ ọ. Ojúlówó ni. Mi ò rí irú ẹ̀ rí láyé mi."

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó. 

Wilf bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Tún un wí, Peregrine. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

"Ojúlówó ni."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Àti bí wúrà ara rẹ̀ ṣe ṣá."

"Imú ńkọ́?"

"Imú mi ti dí láti kékeré," ó ní. "Mi ò gbóòórùn nǹkan kan."

Ẹ̀rín tó bú nínú gbọ̀ngàn yẹn, Jabez á gbọ́ ọ níbi tó wà. Àmọ́ kó tó tán nílẹ̀, ọkùnrin kan sún mọ́ irin. "Peregrine, tèmi tó o ní ayédèrú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́?" Òmíràn ní, "Ti bàbá ìyàwó mi ńkọ́?" Ẹ sì mọ àwa ará ibí: bó ti wù kí inú bí wa tó, a ó tò. A tò láti ibi irin dé òpópónà, Peregrine sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń yọ bájì lápò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ní, "Ojúlówó. Ojúlówó. Ẹ má bínú, ojúlówó."

Ìyá Thirza ti kọ́kọ́ fa tirẹ̀ yọ lábẹ́ ikùn Peregrine, ó fi áńkáṣíìfù nù ún. "O ṣeun, ọmọ mi," ó sọ fún un.

"Kí lẹ̀ ń dúpẹ́ fún?" Wilf bi í.

"Gbogbo ìlú ló ní bàbá mi ń purọ́," ni ìyá wí. "Òun nìkan ló tíì dùbúlẹ̀ sábẹ́ òòlù láti jẹ́rìí pé bàbá mi kò purọ́."

Ẹ má gba tèmi gbọ́ lásán. Ẹ lọ sí ilé ọkọ̀ ìgbàlà ní Skelby. Orúkọ Jabez Cammish wà lára ògiri, bájì náà wà nínú dígí lábẹ́ rẹ̀, ìwé tí Wilf kọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ojúlówó. Ọ̀gbẹ́ni Ackroyd fi ikùn rẹ̀ jẹ́rìí sí i." Bí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ yà sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wo irin ẹnu ọ̀nà dáadáa. Bọ́tìnì ẹ̀wù Peregrine kan há sí abẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Wilf ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Ó ní ojúlówó ni.