Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ́ Ohùn Adépọ̀jù Nìkan

Bí ẹ bá gba Ìkìrun kọjá lọ́dún 1994 tí ẹ ò gbọ́ orúkọ Adépọ̀jù, a jẹ́ pé ẹ sùn nínú mọ́tò. Òun fúnra rẹ̀ ló ń polówó orúkọ náà, kò sì fi iṣẹ́ náà ṣeré. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe òun ní Adépọ̀jù lásán. Dókítà Adépọ̀jù ni. Ọkọ Kọ̀ǹpútà. A-jí-ẹ̀rọ-bí-ẹni-jí-ọmọ. Kò sí ilé ìwé kankan tó fún un lóyè dókítà yìí o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló fi kọ́ kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn, ibà sì gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú orúkọ àwọn olùkọ́ Ìkìrun, Inísà àti Òkukù ló gbà á síṣẹ́. Wọ́n ra kọ̀ǹpútà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní sẹ́fà, àkọsílẹ̀ gbogbo olùkọ́ ló wà nínú rẹ̀: orúkọ, ọdún ìbí, ọdún tí kálukú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Keziah, akọ̀wé iléeṣẹ́ náà, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ẹgbẹ̀ta olùkọ́ ó lé méjìlá sínú ẹ̀rọ náà. Adépọ̀jù ló ń gba ìkíni.

Ó ní òfin tirẹ̀. Ó gbé pátákó kan kọ́ sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ: BỌ́ BÀTÀ RẸ. Ó ní kọ̀ǹpútà kórìíra eruku. Ìgbà kan wà tí gíwá ilé ìwé kan láti Inísà fẹ́ yọjú wọlé pẹ̀lú sálúbàtà, Adépọ̀jù pariwo bí ẹni tí ejò bù ṣán. Ṣùgbọ́n òun alára, bàtà funfun báláú ló ń wọ̀ kiri inú yàrá náà láràárọ̀. Ó ní ẹ̀rọ ti mọ ẹsẹ̀ òun.

Ìwé ńlá tó bá ẹ̀rọ náà wá, èyí tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń lò ó sí, kò ṣí i rí. Ó fi sábẹ́ tìmùtìmù àga rẹ̀ kó lè jókòó ga ju àlejò lọ. Ó wá pàṣẹ fún Keziah pé nígbàkígbà tí òun bá fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni, kí ẹ̀rọ máa kọ orúkọ òun síbẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú oyè, láìdín ẹyọ kan kù.

"Kí àwọn ọmọ ọmọ wa lè mọ ẹni tó ṣiṣẹ́," ló wí.

Keziah ní, "Ó dáa, sà," ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká tú àṣírí kan. Láràárọ̀ tí wọ́n bá tan sẹ́fà náà, kì í jí. Á kùn díẹ̀, á dákẹ́, á wá kọ ọ́ sójú gíláàsì pé òun ò rí ohun tí òun fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Adépọ̀jù á lé gbogbo èèyàn síta, á tilẹ̀kùn mọ́rí. Àwọn tó wà níta á máa gbọ́ bó ṣe ń sọ òyìnbó ńláńlá, tó ń gbá tábìlì, tó ń wúkọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀rọ á jí, Adépọ̀jù á sì jáde, á máa nu òógùn tí kò sí lára rẹ̀.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó tó pa ẹ̀rọ, ó máa ń ti dísíkẹ́ẹ̀tì òfìfo kan, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ sí, bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹnu ibẹ̀ ni ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń wò bó bá ń jí. Bó bá bá òfìfo níbẹ̀, á dúró síbẹ̀. Kí Adépọ̀jù yọ dísíkẹ́ẹ̀tì náà sápò, kó tún un tàn, gbogbo iṣẹ́ ìyanu náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ ìyanu yìí lérè. "Ẹ̀rọ yìí ò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tí ebi ń pa," ló máa ń wí fún olùkọ́ tó bá wá wo àkọsílẹ̀ ara rẹ̀. Bí iṣu ìlú Ìbà ṣe ń wọlé nìyẹn, bí adìyẹ ṣe ń wọlé, bí epo pupa ṣe ń wọlé. Ẹ̀rọ ò jẹ nínú ẹ̀ rí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà fẹ́ẹ́ dójú tì í. Ó lọ sí ìgbéyàwó kan n'Ílá fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó dé, ó bá ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, Keziah sì jókòó tì í.

"Ta ló jí i?"

"Ó jí fúnra ẹ̀ ni, sà."

Ó dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń sọ fáráyé pé ohùn òun ló ṣẹ́kù sínú yàrá.

Ọdún yẹn ni wọ́n parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tuntun kan l'Ókukù. Ó ní ilé gíwá oníyàrá mẹ́ta, ó ní kànga, ó sì ní oko ọsàn lẹ́yìn. Àṣẹ wá láti Òṣogbo pé nínú àwọn olùkọ́ tó bá béèrè fún ipò gíwá ibẹ̀, kí wọ́n gbé e fún ẹni tó bá pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́.

Gbogbo èèyàn ló mọ ẹni náà. Tíṣà Ọmọ́dára ni. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń kọ́ni. Òkukù ni ilé wọn wà, Ìkìrun ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Agogo márùn-ún òwúrọ̀ ni wọ́n ń jáde lọ wọ mọ́tò, bí wọ́n bá sì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tún fẹsẹ̀ rin èyí tó kù, pẹ̀lú orúnkún ọ̀tún tó ń ro wọ́n láti ọdún mẹ́rin. Ilé ìwé tuntun yìí, wọ́n lè gbọ́ agogo rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé wọn. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń fi ipò yìí ṣàdúrà láàárọ̀ àti lálẹ́.

Adépọ̀jù náà rí ilé oníyàrá mẹ́ta. Ó rí oko ọsàn. Ó wá rántí pé Ọlábímpé, ìyàwó òun, ń ṣe tíṣà n'Ínísà, obìnrin náà sì ti gba fọ́ọ̀mù ipò gíwá.

Ó ṣí àkọsílẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Ọdún 1989 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Adépọ̀jù pa ẹ́ẹ̀tì rẹ́, ó fi fáìfù rọ́pò rẹ̀. Ó di 1959. Nọ́ńbà ẹyọ kan ṣoṣo! Ó wú u lórí pé òun ò ṣe wọ̀bìà.

Lẹ́yìn náà ló kọ ìbéèrè. Èdè kan wà tí wọ́n fi ń bi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ìbéèrè, SQL ni wọ́n ń pè é. Bí èèyàn bá kọ SELECT, ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó ṣà wá, á sì dárúkọ ohun tó fẹ́. Ohun tí èèyàn ò bá dárúkọ, ẹ̀rọ ò ní mú un wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Adépọ̀jù mọ̀ ọ́n kọ, ó dà á kọ sẹ́yìn Bíbélì rẹ̀: kí ẹ̀rọ ṣa orúkọ wá, kó ṣa ọdún iṣẹ́ wá, kó to ẹni tó pẹ́ jù síwájú. Orúkọ jáde, ọdún iṣẹ́ jáde, Ọlábímpé wà lókè téńté. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ó wá ti dísíkẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, ó sì pa á. Bí ẹ̀rọ ò bá jí lọ́jọ́ ìpàdé, ta ló fẹ́ tún bi í ní nǹkan kan?

Ọjọ́ Jímọ̀ ni aṣojú dé láti Òṣogbo, Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé, ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn olùkọ́ láti ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún yàrá ẹ̀rọ àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàtà kún ẹnu ọ̀nà bíi ti mọ́ṣáláṣí. Tíṣà Ọmọ́dára di ògiri mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń jẹyín nígbà tí wọ́n ń tú okùn bàtà wọn.

Oyèdélé bọ́ tirẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ Adépọ̀jù. "Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ mọ ẹsẹ̀ mi, sà."

"Ẹ jẹ́ kó mọ ìbọ̀sẹ̀ yín náà."

Kò sọ́nà àbáyọ. Adépọ̀jù bọ́ bàtà funfun. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọrí láti inú ìbọ̀sẹ̀, wọ́n ń wo àlejò. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó yáa sọ ọ́ di ikọ́.

Adépọ̀jù tan ẹ̀rọ. Ó kùn, ó dákẹ́, ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ àtijọ́ sójú gíláàsì.

"Háà," ni Adépọ̀jù wí, ó ń mirí bíi dókítà tó fẹ́ bá mọ̀lẹ́bí aláìsàn sọ̀rọ̀. "System ti kọlẹ̀. Ooru ara èrò ló mú un, sà. Ó máa gbà mí tó ọjọ́ mẹ́ta, èmi nìkan pẹ̀lú ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò fi wá sílẹ̀, mo ti tẹ lísìtì jáde lánàá tí ara ẹ̀ ṣì le."

Oyèdélé gba ìwé, ó kà á sókè. "Ìkínní, Ọlábímpé Adépọ̀jù, 1959. Ìkejì, Ọmọ́dára Àjíṣafẹ́, 1966."

Àwọn olùkọ́ yíjú síra wọn.

"Ọlábímpé wo?" Tíṣà Ọmọ́dára ló béèrè.

"Ọlábímpé tèmi ni, mà."

"Ọlábímpé tí mo kọ́ ní praimárì fóò lọ́dún 1971? Tó máa ń sunkún tí mo bá ní kó ka ìlọ́po méje?"

Ẹ̀rín sọ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Adépọ̀jù gbé ọwọ́ sókè. "Mà, ẹ má bínú. Àgbà ti ń dé, ọpọlọ a máa gbàgbé. Kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé. Àbí kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ pè lópùrọ́?"

Kò sẹ́ni tó fẹ́ pe kọ̀ǹpútà lópùrọ́. Tíṣà Ọmọ́dára wolẹ̀. Omi lé sójú wọn, wọ́n sì ń bínú sí omi náà. Wọ́n ń ro mọ́tò agogo márùn-ún. Oyèdélé yọ bírò láti fọwọ́ síwèé.

"Ẹ dákun, sà," ni Keziah wí. "Nǹkan kan ò ṣe ẹ̀rọ yìí."

Ó dìde, ó tẹ bọ́tìnnì kékeré kan níwájú ẹ̀rọ. Dísíkẹ́ẹ̀tì yọ síta bí ahọ́n ọmọdé. Ó gbé e sókè kí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rí i.

"Èyí ló wà lẹ́nu ẹ̀. Àràárọ̀ ló máa ń wà níbẹ̀."

Ó tún ẹ̀rọ tàn. Ẹ̀rọ kùn, kò dákẹ́, ó jí dáadáa. Kò sẹ́ni tó sọ òyìnbó sí i.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án?" Adépọ̀jù jágbe. "Ìwọ tí o ò kọ́ nǹkan kan ju type lọ!"

"Òótọ́ ni, sà. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá nìkan ni mo kà. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá lọ sóde ni mo máa ń yọ ọ́ lábẹ́ tìmùtìmù yín."

Oyèdélé ní, "Ẹ bi ẹ̀rọ, mà. Ẹ bi í dáadáa."

Keziah kọ SELECT. Ó dárúkọ orúkọ, ó dárúkọ ọdún iṣẹ́. Ó tún dárúkọ ọdún ìbí. Ó rò ó díẹ̀, ó wá fi ẹni tó fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ gbẹ̀yìn kún un. Adépọ̀jù rí i bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, òógùn tòótọ́ sì bò ó nígbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti débẹ̀.

Èsì jáde. Oyèdélé kà á. "Ọlábímpé Adépọ̀jù. Wọ́n bí i ní 1961. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959." Ó tún un kà. "Ó ti ń kọ́ ọmọ lọ́dún méjì kí wọ́n tó bí i?"

"Ó... ó tètè gbọ́n ni, sà," ni Adépọ̀jù wí.

Èrò bú sẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi jókòó sílẹ̀. Oyèdélé ò rẹ́rìn-ín. Ó ń ka ìyókù: "Ẹni tó fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn: Dókítà Adépọ̀jù, Ọkọ Kọ̀ǹpútà, A-jí-ẹ̀rọ-bí-ẹni-jí-ọmọ." Oyè náà gùn débi pé ó kún ìlà kan, ó sì ṣàn wọ ìkejì.

"Àkọsílẹ̀ mélòó ló ní oyè yìí lára?"

Keziah tún bi ẹ̀rọ. "Mẹ́tàdínlógún, sà. Wọ́n ti sún ọdún ìbí àwọn míì síwájú kí ọjọ́ orí wọn lè dínkù."

Olùkọ́ ọkùnrin kan lẹ́yìn, tó gbé iṣu wá lóṣù tó kọjá, bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀.

"Ẹ dúró ná!" ni Adépọ̀jù ń wí. "Ẹ̀rọ ni, kì í ṣe Ọlọ́run. Kọ̀ǹpútà lè ṣàṣìṣe o! Kọ̀ǹpútà lè..."

Tíṣà Ọmọ́dára gbójú sókè.

"Dókítà," wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́, "àbí kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ pè lópùrọ́?"

Ibẹ̀ ni Adépọ̀jù ti sá. Ó gba àárín èrò kọjá, ó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà tó kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà, ó sì dojú kọ títì. Nígbà tó dé ọjà ló tó mọ̀ pé bàtà funfun kan ló wà lẹ́sẹ̀ òsì òun, sílípáàsì rọ́bà obìnrin kan sì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Àwọn ọlọ́kadà rí i. Wọ́n kí i: "Dókítà, ẹ̀rọ ńkọ́?"

Lọ́jọ́ Ajé, Tíṣà Ọmọ́dára wá gba lẹ́tà ipò gíwá wọn. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ, wọ́n di ògiri mú, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ wọ bàtà yín wọlé, mà," ni Keziah wí láti inú yàrá.

Wọ́n gbójú wo òkè ilẹ̀kùn. Ihò ìṣó méjì ló kù níbi tí pátákó wà. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ yàrá náà pẹ̀lú bàtà wọn tó pọ́n fún eruku Òkukù, wọ́n sì dúró díẹ̀, wọ́n ń wo ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.