Oore-Ọ̀fẹ́ Di Nòfẹ́ńbà

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, mi ò tíì rí irú ẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà ní Maryland, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Gáréèjì ilé Olóyè Ọlágúnjú ní Upper Marlboro ni ààfin ọ̀hún. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ Yorùbá la fi wọ́n joyè, àwa náà la ń pè wọ́n ní Kábíyèsí. Tolúwalọpẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó dé láti Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá, ló pẹjọ́. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Dìákónẹ́ẹ̀sì Sẹ̀gilọlá, onílé rẹ̀ ní Hyattsville.

"Kábíyèsí, yàrá ìsàlẹ̀ ilé wọn ni mo rẹ́ǹtì. Ọjọ́ kẹta rèé tí Mọ́mì ti tì mí síta. Kóòtù òtútù mi wà ńbẹ̀, gbogbo ìwé mi wà ńbẹ̀, ìdánwò mi sì di ọ̀la. Tí mo bá féèlì, sikọ́láṣíìpù mi ti lọ nìyẹn."

"Kí lo ṣe fún wọn?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, sà. Ọ̀rinrin ló mú ògiri, àmì dúdú kan wá yọ lára ẹ̀. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ."

Àánú ọmọ náà ṣe mí. Kábíyèsí kọjú sí onílé.

"Dìákónẹ́ẹ̀sì, torí àmì yẹn lẹ ṣe tì í síta?"

"Èmi kọ́, sà. Lefitiku orí kẹrìnlá ni. Ó ní kí n tì í fún ọjọ́ méje."

"Ṣebí Kristẹni ni yín? Oore-ọ̀fẹ́ ńkọ́?"

"Mo gbà á gbọ́ gan-an, sà. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, mò ń ka Bíbélì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibi tí mo bá kà dé ni mo ń tẹ̀ lé. Fẹ́búárì 2007 la ṣì wà. Ìwé Róòmù di Nòfẹ́ńbà."

A pe ẹlẹ́rìí. Babáwálé ọkọ rẹ̀ dìde bí ẹni tó ti ń retí ọjọ́ náà.

"Kábíyèsí, kì í ṣe gbogbo ibi tó kà ló ń tẹ̀ lé. Nígbà tá a wà ní Jẹ́nẹ́sísì, mo ní ká wo Jékọ́bù tó fẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Ó ní ojú ewé yẹn lẹ̀ pọ̀."

"Ó lẹ̀ pọ̀ lóòótọ́," ni Dìákónẹ́ẹ̀sì wí.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní edé ti di èèwọ̀. Ta ló wá jẹ edé tí mo rà?"

"Mo ti jẹ ẹ́ kí n tó ka ibẹ̀."

Kábíyèsí gba Bíbélì, wọ́n fara balẹ̀ kà á.

"Wọ́n ní àlùfáà ló gbọ́dọ̀ yẹ ilé wò. Àlùfáà wo lẹ pè?"

"Aaron, sà. Orúkọ tó wà nínú ìwé nìyẹn."

Aaron, aládùúgbò wọn tó ń tún páìpù omi ṣe, ṣí fìlà. "I just told her to use bleach, sir."

"Ó bojú wò ó, ó mi orí," ni Dìákónẹ́ẹ̀sì wí. "Ìyẹn náà tó."

Kábíyèsí pa Bíbélì dé.

"Ó dáa. Ilé ni òfin ní kí wọ́n tì, kò sọ yàrá ìsàlẹ̀ nìkan. Ẹ̀yin àti ọkọ yín, ó di ọjọ́ méje níta."

Babáwálé rọra jókòó. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹ ṣàánú wa."

"Ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀."

Tolúwalọpẹ́ họ orí. "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí gbogbo wa wọlé. Ìwé ni mo fẹ́ lọ kà."

"O ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn?"

"Rárá, sà."

Dìákónẹ́ẹ̀sì sáré yọ kọ́kọ́rọ́ fún un. "Ọmọ mi, Olúwa á bù kún ẹ. Mi ò ní gba rẹ́ǹtì oṣù yìí. Màá sì máa se ìrẹsì fún ẹ lọ́jọọjọ́..."

"Ó tó," ni Kábíyèsí wí. "Ìdájọ́ yín rèé. Ọmọ yìí ti dárí jì yín, ẹ ò sì gbọdọ̀ san án padà. Kò sí ìrẹsì, ẹ ò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ́ǹtì, ẹ ò gbọdọ̀ gbààwẹ̀. Ẹ kàn máa gbé pẹ̀lú ẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kábíyèsí, ó ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n ṣáà fọ ògiri yẹn."

"Ọkọ yín ló máa fọ̀ ọ́."

"Títí dìgbà wo, sà?"

"Títí ayé."

A tú ká. Aaron ti fi mọ́tò gbé Tolúwalọpẹ́ lọ kàwé. Títí èmi náà fi wọ mọ́tò mi, Dìákónẹ́ẹ̀sì ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú gáréèjì, ó ń bẹ Kábíyèsí kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun ní ìyà díẹ̀.