Ìkòkò Aró Tí Mo Wá Lọ sí Kẹ́mta

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé títí wọn á fi sin mí. Bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, ẹnu ṣì ń yà mí.

Ìwé ìtàn àròsọ kan wà lórí ogun tó ja àwọn baba ńlá wa nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ìgbà tí orúnkún mi ṣì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ni mo kà á, mo sì ti ń sọ ọ́ láti ìgbà náà. Àwọn ìyá aláró Ìtòkú ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Bí mo bá ti kí wọn tán, Alájà Sífáwù tó dàgbà jù láàárín wọn á ní, "Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ dé ibi ìkòkò."

Ibi ìkòkò ni ibi tí Ẹfúnyẹmí, akọni obìnrin inú ìtàn náà, ti gbé ìkòkò aró gun orí àpáta, tó dà á lé balógun ọ̀tá lórí. Irùngbọ̀n funfun bàbá náà di aró. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ní àlejò wo rèé! Àwọn ìyá aláró á rẹ́rìn-ín títí wọn á fi gbàgbé aṣọ sínú aró.

Ni wọ́n bá fi ìwé náà ṣe fíìmù, wọ́n sì fẹ́ fi í hàn ní gbọ̀ngàn kan ní Kẹ́mta. Mo kó àwọn ìyá náà lẹ́yìn, ó di Kẹ́mta. Ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, bi mí lọ́nà pé, "Ṣé ẹ tiẹ̀ ti tún ìwé yẹn kà?" Èmi kẹ̀? Ṣé èèyàn á máa ka orúkọ ara rẹ̀ ni?

Wọ́n pa iná, fíìmù bẹ̀rẹ̀. Mo ń ṣàlàyé fáwọn tèmi: "Èyí wà nínú ìwé. Èyí náà wà níbẹ̀." Ọkùnrin kan níwájú wa yíjú padà: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwa náà lójú." Ọ̀tá dé ẹsẹ̀ àpáta. Alájà gbá mi lọ́wọ́ mú. Kàkà kí ìkòkò dé, ọkọ Ẹfúnyẹmí ló kú, obìnrin náà ń sunkún, fíìmù parí.

"Bàbá, ìkòkò wa dà?" Alájà kígbe.

Mo dìde. Ẹnikẹ́ni ò fún mi ní máíkì, èmi ni mo mú un. Mo kọjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣe fíìmù náà: "Ọmọ mi, ta ló ní kó o gé ibi tó dùn jù sọ nù?" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ká ní mo jókòó nígbà náà! Ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ń pa àgbà bí ẹmu. Mo ní, "Bí mi ò bá fi ibi ìkòkò hàn ọ́ nínú ìwé, mi ò ní sọ ìtàn ìwé yìí mọ́ ní Ìtòkú láyé mi!"

Ọmọ náà ò jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà fún mi. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi hàn wá."

Mo ṣí i. Àpáta wà níbẹ̀. Ọ̀tá wà níbẹ̀. Ẹfúnyẹmí ń sunkún ọkọ rẹ̀, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti ṣe é. Ìkòkò ò sí. Mo ṣí i síwájú, mo ṣí i sẹ́yìn, mo gbọn ìwé náà jìgìjìgì bíi pé ìkòkò á jábọ́. Mo rí ìkòkò yẹn lójú mi, mo ń gbóòórùn aró rẹ̀!

Ìyá Bọ́lá sún mọ́ mi, ó rọra sọ̀rọ̀, àmọ́ máíkì wà lọ́wọ́ mi: "Bàbá Bọ́lá, ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀. Nígbà tí Bọ́lá ń ṣàìsàn, tẹ́ ẹ ń ka ìwé náà fún un, tó ń sunkún pé ọkọ Ẹfúnyẹmí kú, lẹ ní kó dákẹ́, pé ìkòkò aró ń bọ̀."

Gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́. Àwọn ìyá aláró dìde, wọ́n bá tiwọn lọ láìkí mi.

Nígbà tí mo tún gba Ìtòkú kọjá, ńṣe ni mo dorí kodò. "Bàbá, àga yín rèé," Alájà pè mí. "Ẹ dé ibi ìkòkò."

"Alájà, mo ti búra."

"Ìtàn inú ìwé lẹ búra pé ẹ ò ní sọ mọ́. Ṣé ìkòkò wà nínú ìwé ni? Ẹ jókòó, jàre!"

Mo jókòó. Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ torí ìwé bá fíìmù jà kọ́kọ́ tún ìwé rẹ̀ kà. Ọmọ tó ṣe fíìmù yẹn, ó jọjú. Ó ṣe ohun tí wọ́n kọ. Èmi ni mo lọ fi ìkòkò tara mi fọ́ orí ara mi. Háà! Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín.