Ọjọ́ Tí Mo Lé Búdà Jáde Nílé

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí mo ti gbìyànjú títí láti gbàgbé, ó kọ̀, kò kúrò lọ́kàn mi. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Ìyá àgbà kan, ọmọ Siri Láńkà, ló ń gbé ilé tó tẹ̀ lé tiwa ní Longbridge, ní Barking. Opó ni. Òun ló yá Tómi, ọmọ mi obìnrin, ní ère Búdà kékeré kan tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n fún Tómi nílé ìwé: bí àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ ṣe gbé ẹ̀sìn Búdà láti Íńdíà dé Ṣáínà. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti ba nǹkan jẹ́ tán ni mo tó mọ gbogbo èyí.

Ohun tí èmi rí láàárọ̀ ọjọ́ náà ni òrìṣà lórí tábìlì oúnjẹ mi! Mo ti wọ sùtánà tán, mo fẹ́ lọ sí àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹlòmíràn ì bá pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, kó bi í léèrè. Èmi kọ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ibi tí màá ti bá èṣù wọ̀yá ìjà ní London yìí. Mo tan àbẹ́là méje, mo sun tùràrí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n omi ìyàsímímọ́.

Èéfín tùràrí ló kọ́kọ́ jẹ́ kí aláàmù òkè àjà figbe ta. Mo sáré lọ ṣílẹ̀kùn. Kí n tó padà, omi ti ba máàpù iṣẹ́ ilé ìwé tí Tómi fi ọ̀sẹ̀ méjì yà, tó tẹ́ sábẹ́ ère náà, jẹ́. Ọ̀nà àwọn oníràkúnmí ti ṣàn wọnú òkun. Mo ní kí n nù ún, apá sùtánà gbá ère ṣubú, etí kan kán. Mo gbé e nàró, mo kọjú ibi tó kán sí ògiri, mo wá forí kanlẹ̀, mò ń wá etí lábẹ́ tábìlì.

Báyìí ni ìyá náà bá mi. Aláàmù ló gbọ́ tó fi sáré wá. Ó wo àbẹ́là, ó wo tùràrí, ó wo ọkùnrin aláṣọ funfun tó forí balẹ̀ láìwọ bàtà. Ó pàtẹ́wọ́ pọ̀ síwájú àyà, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú," ló wí, "kò sẹ́ni tó bọ̀wọ̀ fún ère yìí báyìí. Ẹ ṣé gan-an."

Mo ti etí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bọ àpò. Mo ní, "Kò tọ́pẹ́, mà."

Nígbà tí Tómi ti ọjà East Street dé, kò pariwo. "Daddy, ẹ ò lè just call me?" Ó jókòó ti máàpù rẹ̀. "Ní Ṣáínà, ìdílé ọba kan á kọ́lé fún Búdà, ìdílé mìíràn á gorí oyè, wọ́n á wó o. Now ó dé Barking, ẹ̀yin náà tún fọ́ ọ."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí a dá ère padà, ìyá náà rí ibi tó kán. Tómi wò mí. Mo wolẹ̀.

"I dropped it, Aunty," ni Tómi wí. "Sorry."

Ẹnu tó ń pariwo àdúrà ò lè sọ gbólóhùn kan. Ìyá náà ní kò burú, àmọ́ kò pe ọmọ mi wọlé mọ́. Ó dùn mí dọ́kàn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbé etí náà kiri kí n tó lọ jẹ́wọ́. Ìyá náà wo etí ère lọ́wọ́ mi.

"Kì í ṣe pé ẹ ń bọ̀wọ̀ fún ère náà nígbà yẹn?"

"Rárá, mà. Mò ń lé e jáde ni."

Ojú rẹ̀ fà ro. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ju etí lọ. Ó gba etí náà, ó ní, "Ẹ sọ fún Tómi kó wá jẹun lọ́la. Tómi nìkan."

Abéèrè kì í ṣìnà. Èmi ò béèrè. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọmọ mi ń lọ jẹ ìrẹsì tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Òórùn rẹ̀ á gba ojú fèrèsé wọlé bá mi, màá fi ara mi rẹ́rìn-ín, màá sì máa jẹ búrẹ́dì mi lọ.