Máníjà Orí Fóòmù

Alága ni wọ́n ń pè é nílé, kì í ṣe pé ó ti jẹ oyè kankan. Láti kékeré ló ti máa ń gun àga bàbá rẹ̀ bí bàbá bá ti dìde lọ fọwọ́, tí yóò sì máa rán àwọn tó jù ú lọ níṣẹ́. Alága, àṣẹ-wà-lẹ́nu-mi! A-sọ̀rọ̀-bí-ẹni-tó-ra-ìlú, a-rìn-bí-ẹni-tí-ilẹ̀-ń-bẹ̀! Ìyá rẹ̀ tó yẹ kó bá a wí, ẹ̀rín ló máa ń rín. Ó ní ọmọ náà ń fi eré dánra wò fún ọjọ́ iwájú ni.

Nígbà tí ilé ìwé gíga wọn gba họlidé gígùn, tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ kọ́ṣẹ́, Alága wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ńlá kan tí kò dé rí, sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fóòmù tí à ń sùn lé. Ó ra bàtà gíga. Ó ra báàgì kọ̀ǹpútà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní kọ̀ǹpútà. Agbòjò àti ìgò omi ló ń gbé sínú rẹ̀. Yàrá tó háyà kéré débi pé bó bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn, àfi kó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ sórí ibùsùn, fèrèsé ibẹ̀ sì kọjú sí ògiri aládùúgbò. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sílé, iwájú báńkì ńlá kan ló dúró sí. Ó ní àdúgbò òun nìyẹn.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, ó ti ronú bí yóò ṣe máa dá àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ lóhùn. Wọ́n mú un kọjá níwájú àwọn ọ́fíìsì, wọ́n mú un gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń po tíì, wọ́n wá mú un wọ yàrá funfun kan tí kò ní tábìlì, tí kò ní àga. Fóòmù ló kún ibẹ̀. Ọ̀gá yàrá ìdánwò, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ní kó bọ́ bàtà gíga yẹn, kó dùbúlẹ̀.

Alága ní nítorí kí ni. Obìnrin náà ní iṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n á tẹ́ fóòmù tuntun, á nà gbalaja lé e, á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á dojú bolẹ̀, á dìde, á sì sọ ibi tó ń dùn ún. Bí èjìká bá dùn ún, wọ́n á dá fóòmù padà. Bí nǹkan kan kò bá dùn ún, fóòmù yege.

Iṣẹ́ gidi ni o, ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ká ní Alága sọ ọ́ bó ṣe rí fún wọn nílé ni, wọn ì bá rẹ́rìn-ín lálẹ́ ọjọ́ kan, kí wọ́n sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ pè láti bi í pé iṣẹ́ wo ni wọ́n fún un, ohun tó sọ ni pé: “Màmá, kò sí fóòmù tó lè jáde nílé iṣẹ́ yìí láìjẹ́ pé mo fọwọ́ sí i.”

Ọwọ́ kọ́, ẹ̀yìn ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá wò ó?

Láìpẹ́, máníjà rìnrìn àjò. Bí obìnrin tó ń gbálẹ̀ ti ṣí ọ́fíìsì rẹ̀, Alága yọ́ wọlé, ó jókòó sórí àga aláwọ, ó fi bírò sẹ́nu bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ìlú ń jẹ lọ́kàn, ó ní kí obìnrin náà ya òun. Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, fọ́tò ti dé ojú ẹgbẹ́ ẹbí lórí fóònù. Àbúrò bàbá rẹ̀ kọ ọ́ pé “Máníjà wa.” Ìyàwó àbúrò bàbá kò gbà kí ọkọ ṣíwájú òun, ó ní “Máníjà àgbà.” Ìyá rẹ̀ kò kọ nǹkan kan. Ó gbé fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì jẹ́rìí níwájú ìjọ. Ẹ̀rí náà gùn ju ìwàásù lọ.

Bó bá mọ síbẹ̀, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n Alága ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tó ń wakọ̀ fún oníbúrẹ́dì àdúgbò wọn. Ìyàwó rẹ̀ ti wọ oṣù ìbímọ. Ọkùnrin yìí kì í mọ àwàdà. Bí o bá ní òjò ń bọ̀, á lọ ká aṣọ. Ó pe àbúrò rẹ̀, ó ní ṣé wọn ò wá awakọ̀ níbẹ̀, torí ọmọ ń bọ̀, iṣẹ́ búrẹ́dì kò sì gbé bùkátà mọ́. Ẹnu Alága ṣí kí ọpọlọ rẹ̀ tó jí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ti oníbúrẹ́dì yẹn sílẹ̀. Èmi wà níbí, ẹ̀yin ń gbé búrẹ́dì kiri? Mo ti bá wọn sọ ọ́.”

Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Nígbà tó wá dọ́gbọ́n bi olórí awakọ̀, ọkùnrin náà ní àwọn awakọ̀ tó wà ńlẹ̀ gan-an kò rí ọkọ̀ wà.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n fi pè pé òun ti fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní òun ti sọ fún oníbúrẹ́dì pé máníjà ni àbúrò òun, ojú oníbúrẹ́dì sì fà ro. Ibi tó yẹ kó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ó tiẹ̀ la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé kí ẹ̀gbọ́n ní sùúrù, àwọn àgbà ilé iṣẹ́ ṣì wà nípàdé. Ó wá gbààwẹ̀ ìdajì ọjọ́, ó ní kí Ọlọ́run bá òun wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ mọ irú àdúrà yẹn: èèyàn á dáná sun ilé tán, á wá máa tọrọ òjò lọ́wọ́ Olúwa.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ó bá a. Irọ́ Alága kò tíì rìn jìnnà tí òtítọ́ fi wọ aṣọ ìsìn, tó wọ mọ́tò, tó sì mú ẹ̀gbọ́n dání. Ìyá rẹ̀ ní ipàdé wo ni kò ní tán. Wọn kò sọ fún un pé àwọn ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ fi dá a lárayá ni.

Ọjọ́ náà gan-an ni ilé iṣẹ́ ń ṣàfihàn fóòmù tuntun fún àwọn oníbàárà. Wọ́n tẹ́ ibùsùn kan sẹ́yìn gíláàsì ìsọ̀ iwájú tó kọjú sí títì. Àṣà wọn ni pé ẹnì kan á sùn lé e, ọkùnrin sìgbọ̀nlẹ̀ kan á máa fò sókè sódò ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí aráyé lè rí i pé fóòmù náà kì í mi ẹni tó ń sùn. Ẹni tó ń sùn kò gbọdọ̀ lajú títí ọ̀gá yàrá ìdánwò á fi fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ta ni wọ́n máa lò bí kò ṣe Alága? Wọ́n wọ aṣọ oorun olódòdó fún un, wọ́n fi aṣọ pénpé dì í lórí. Ó rò ó pé ìlú yìí kò mọ òun, ó dùbúlẹ̀, ó pajú dé.

Ohùn ìyá rẹ̀ ló gbọ́ lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Ó ń sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé kó bá òun pe máníjà, kó ní ìyá tó bí i lọ́mọ ló dé. Ọkùnrin náà sáré wọlé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Alága ronú kíákíá. Bí òun bá lajú, òun ba àfihàn jẹ́. Bí òun kò bá lajú, bóyá Màmá ò ní dá òun mọ̀ nínú òdòdó tó pọ̀ tó báyìí. Kó lè dá wọn lójú pé ẹlòmíì ni, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Ó gbàgbé pé ìyá tó tọ́ ọmọ mọ bó ṣe ń hanrun. Màmá yíjú, ó rí ọmọ rẹ̀ ní nínà gbalaja lọ́sàn-án gangan, tí sìgbọ̀nlẹ̀ kan ń fò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sọ báàgì nù, ó wọlé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó níwájú orí.

“Ọlọ́run tí kì í tòògbé,” ló fi bẹ̀rẹ̀, “jí máníjà yìí dìde.”

Àwọn oníbàárà rò pé ara àfihàn ni, wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan tiẹ̀ ṣe àmín. Àárín ìyẹn ni máníjà gidi já wọlé, ó ń wá ìyá tirẹ̀ kiri. Kò rí i, ó wá bi Màmá pé ta ni wọ́n ń wá.

“Máníjà ni mò ń wá, ọmọ mi.”

“Èmi ni máníjà, mà.”

Màmá wò ó, ó wo ibùsùn. “Ta wá ni eléyìí?”

“Akẹ́kọ̀ọ́ ni, mà. Ó ń bá wa dán fóòmù wò.”

“Kí ló fi ń dán an wò?”

“Ẹ̀yìn rẹ̀, mà.”

Màmá yọ fóònù, ó fi fọ́tò hàn án, bóyá ẹnì kan ṣì lè ṣàlàyé. Máníjà wò ó títí. Ó ní àga òun nìyẹn. Ó ní bírò òun náà ló wà lẹ́nu rẹ̀ yẹn. Ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó wà lójú títì lẹ ojú mọ́ gíláàsì. Ọ̀gá yàrá ìdánwò rọra fọwọ́ kan ẹsẹ̀ Alága. Kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́, ó lajú.

Ẹnì kan ni kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, bàtà rẹ̀ ń dán, láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ sì wà ní àpò àyà rẹ̀.

“Iṣẹ́ mi ńkọ́?”

Alága jókòó láàárín òdòdó. “Kò sí, ẹ̀gbọ́n mi. Kò fìgbà kan sí.”

Ẹ̀rín ìsọ̀ kú. Màmá kò pariwo. Ó gba ààyè ọjọ́ kan fún ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ máníjà. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ tí òun ó padà lọ sọ níwájú ìjọ, yóò sì kúrú lọ́tẹ̀ yìí. Ní ti ẹ̀gbọ́n, ẹnu tó yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò dá a padà.

Bẹ́ẹ̀ ni Alága àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe dé iwájú oníbúrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí èrò tò lọ rẹrẹ. Alága kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Oníbúrẹ́dì ní kí máníjà gbóhùn sókè, àwọn ará ẹ̀yìn ò gbọ́. Ó ní iṣẹ́ wo gan-an ló ń ṣe níbẹ̀.

“Mò ń sùn, sà.”

Oníbúrẹ́dì ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ọkùnrin náà wo ẹ̀gbọ́n, ó wo búrẹ́dì tó ti ń tutù, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí awakọ̀ rẹ̀.