Sàlàkọ́ Ajẹ́ńtì àti Ọ̀dà Pupa Rẹ̀

Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú u díẹ̀, kí ara lè tù mí. Sàlàkọ́ ajẹ́ńtì ilé ni mò ń wí, ẹni tó fi ẹnu kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kún gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde, tí ilé tirẹ̀ gan-an dúró sójú fèrèsé láti ọdún mẹ́ta, tí ẹ̀gẹ́ ń hù ní pálọ̀. Bí Mùínátù ìyàwó rẹ̀ bá béèrè páànù, á ní, "Fọkàn balẹ̀! Ilé kan ṣoṣo ni n ó tà, wàá sùn lábẹ́ páànù."

Lọ́dún 1986, ọjà kú. Ta ló ń ra ilé? Ẹni tó rí gàárì mu ń dúpẹ́. Sàlàkọ́ bá ní òun á fi iṣẹ́ mìíràn kún un. Wọ́n ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Nínú iṣẹ́ méjèèjì tirẹ̀, ọ̀kan loògùn, èkejì ni májèlé.

Àwọn oníjìbìtì ń ta ilé onílé fún àlejò nígbà náà bí ẹni ń ta ẹ̀pà. Sàlàkọ́ gbé garawa ọ̀dà pupa, ó ń kan ilẹ̀kùn àwa obìnrin kiri: "Ẹ̀yin ìyá mi, wọn á ta ilé yín mọ́ yín lórí o! Náírà márùn-ún péré, n ó kọ ọ́ sára ògiri pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ." Ó kọ ọ́ sí tèmi. Ó kọ ọ́ sí ilé ewúrẹ́ Àlájì aládùúgbò mi, àfi bí ẹni pé ará Èkó ń du ilé ewúrẹ́! Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, gàdàgbà gadagba: SÀLÀKỌ́ LÓ KỌ Ọ́.

Opó kan wà tí ilé rẹ̀ dojú kọ tèmi lọ́nà Ìjagun, Fáyọ̀kẹ́ lorúkọ rẹ̀. Sàlàkọ́ yìí kan náà ni Fáyọ̀kẹ́ ní kó bá òun ta ilé òun. Ṣé ojúkòkòrò á wá fo ìyẹn? "Màámi, kí oníjìbìtì má baà tà á kí oníbàárà wa tó dé, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbẹ̀ ná." Fáyọ̀kẹ́ sanwó! Ẹni tó ń ta ilé sanwó kí wọ́n kọ ọ́ pé òun ò tà á! Mo bá a wí títí, ó ní ajẹ́ńtì òun ló mọ̀ jù.

Ní Sátidé kan, Ọ̀gbẹ́ni Walter dé, ọmọ Ìjẹ̀bú-Imùṣin tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Èkó. Ó ń wá ilé tí ìyá rẹ̀ yóò máa gbé. Sàlàkọ́ wọ agbádá, ó jókòó síwájú nínú mọ́tò Píjò Walter, ó ń nàka bí ọba.

"Gbogbo ilé tí ẹ ń wò yìí, ọ̀gá mi, ìkáwọ́ mi ni wọ́n wà!"

Walter wo ọ̀tún: KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ó wo òsì: KÌ Í ṢE TÍTÀ.

"Sàlàkọ́, èwo wá ni títà nílùú yìí?"

"Ẹ má wo ìyẹn, ọ̀gá. A ti dé."

Wọ́n dúró níwájú ilé Fáyọ̀kẹ́. Ibẹ̀ ni lẹ́tà rẹ̀ tóbi jù. Èmi tí mò ń yan gàárì lójúde, mo gbé igbá sílẹ̀.

"Ọ̀tá ló kọ ọ́!" ni Sàlàkọ́ figbe ta. "Ẹlẹ́nìní!"

Walter fi ìka tẹ ògiri. "Ọ̀tá náà lórúkọ. Sàlàkọ́ ni wọ́n ń pè é."

"Sàlàkọ́ pọ̀ ní Ìjẹ̀bú, ọ̀gá!"

Ni mo bá pariwo láti òdìkejì: "Wọ́n pọ̀ o! Ẹyọ kan ló gba náírà márùn-ún lọ́wọ́ mi!"

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ adìyẹ. Lọ́jọ́ náà, okùn ń rẹ́rìn-ín. Walter ti padà wọ mọ́tò nígbà tí Fáyọ̀kẹ́ sáré jáde, gèlè lọ́wọ́: "Ọmọ mi, dúró! Èmi ni mo nilé, mo ń tà á!"

Walter sọ̀kalẹ̀. Ó yẹ ìwé ilé wò, wọ́n pe olórí ẹbí ọkọ Fáyọ̀kẹ́ wá jẹ́rìí. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, Walter ti sanwó, ilé ti di tirẹ̀, kò sí ẹnu ajẹ́ńtì láàárín wọn.

Sàlàkọ́ wá béèrè owó ajẹ́ńtì.

"Ìwọ tí o kọ ọ́ sára ògiri pé kò sí ní títà?" ni Walter wí. "Owó kí ni?"

Páànù Mùínátù ń fò lọ lójú Sàlàkọ́. "Ó dáa, ọ̀gá. Ẹ fún mi ní náírà mẹ́wàá péré, n ó bá yín pa àkọlé náà rẹ́."

Walter wo ògiri náà dáadáa, ó rẹ́rìn-ín.

"Fi í sílẹ̀, jàre. Ó ti di òótọ́ báyìí."